Agbára, Ipò Olórí àti Àṣà Wa Níbi Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìkówójọ fún kíkọ́ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ní Kàdúná

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí àwa mẹ́ta wá sọ̀rọ̀ lórí àṣà, a kọ́kọ́ rò pé oúnjẹ wa, aṣọ wa tàbí ìlù wa ni kí a sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ohun tí a sábà máa ń gbọ́ níbi ìkówójọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n a bi ara wa léèrè pé, kí ni ó gbé àwọn bàbá wa dé ìlú yìí? Kì í ṣe ogun, kì í ṣe oyè. Iṣẹ́ ni. Ojú irin tí ó ti Èkó bẹ̀rẹ̀, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì lọ títí dé Kánò, òun ni ó kó akọ̀wé, káfíńtà àti alágbẹ̀dẹ wa wá sí òkè. Nígbà tí ìjọba kó olú-ìlú Àríwá wá sí Kàdúná ní 1917, àwọn akọ̀wé tún pọ̀ sí i. Ilé-iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní 1957, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e ní Kakuri. Ti mọ́tò Peugeot dé ní 1975, ilé ìfọpo sì bẹ̀rẹ̀ ní 1980. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti ibẹ̀ tọ́ ọmọ yanjú. Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn fèrè tí ń jí wa láàárọ̀ ní Kakuri ti dákẹ́. Ẹni tí ó bá ṣì ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ohun iyebíye ni ó mú dání. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń hùwà níbi iṣẹ́, bí a ṣe ń lo agbára níbẹ̀ àti bí a ṣe ń sìn lábẹ́ agbára, ni a mú wá.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń bọ̀, wọ́n mọ ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Èkíní ni àáró. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ yóò ro oko ẹnì kan lónìí, wọn yóò ro ti ẹlòmíràn lọ́la. Ẹni tí ó ni oko ni ó ń darí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, òun náà di ẹni tí à ń darí. Kò sí ẹni tí yóò fi ipò ọjọ́ kan ni ẹnì kejì lára, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀la ń bọ̀. Èkejì ni ọ̀wẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé tàbí kí ó kórè yóò bẹ ará àti ọ̀rẹ́ lọ́wẹ̀, yóò sì fi oúnjẹ tọ́jú wọn. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ kì í jágbe mọ́ ènìyàn. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ kíkọ́. Ọmọ iṣẹ́ ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó ń gbálẹ̀, ó ń fọṣọ, ó ń wo ọwọ́ ọ̀gá títí wọn yóò fi ṣe fìrídọ́ọ̀mù fún un. Kì í dá ọ̀gá lóhùn, kì í sọ pé ọ̀gá ṣe àṣìṣe.

Ohun tí a wòye ni pé a fi àáró àti ọ̀wẹ̀ sílẹ̀ ní oko, iṣẹ́ kíkọ́ nìkan ni a gbé wọ ọ́fíìsì àti ilé-iṣẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ka ẹni tí ó wà lókè wa sí ọ̀gá tí a ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. A ka owó oṣù sí ojú àánú rẹ̀. Àwa náà tí a bá sì di ọ̀gá, a ka òṣìṣẹ́ sí ọmọ iṣẹ́ tí a lè rán níbikíbi.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn kan tí ó kan àwa fúnra wa. A kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́, a kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ẹlòmíràn ti lọ sọ́run, ẹlòmíràn sì ń bẹ láàárín wa. Ó ti lé ní ogún ọdún.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ yìí tí ó kàwé jáde, tí wọ́n fi ṣe alábòójútó ní ilé-iṣẹ́ kan. Bàbá kan wà lábẹ́ rẹ̀, àgbà ẹgbẹ́ wa, tí ó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ọmọ yìí ni ọ̀gá. Bí a bá pé ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ yìí ni ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, òun ni ń bu omi fún un mu. Bàbá náà mọ iṣẹ́ dójú àmì. Etí lásán ni ó fi ń mọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan. Bí òwú bá há, ó máa ń ṣí irin tí wọ́n fi bo ẹnu ẹ̀rọ, yóò sì fi ọwọ́ fa òwú jáde láì pa ẹ̀rọ. Ó ní pípa ẹ̀rọ ń fi àkókò ṣòfò.

Ọmọ rí i nígbà àkọ́kọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ rọra o." Bàbá ní, "Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń ṣe é." Ó rí i lẹ́ẹ̀kejì, ó rán ẹlòmíràn sí bàbá. Ó rí i lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun ti kọ kúẹ́rì, òun ti kọ orúkọ bàbá sí i, ṣùgbọ́n òun tì í mọ́ inú tábìlì, nítorí òun kò mọ ojú tí òun yóò fi wo bàbá ní ìpàdé.

Ọmọkùnrin kan ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá. Ọmọ Gbagyi ni, ọmọ onílẹ̀ gan-an, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ohun tí ó rí lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni òun náà ṣe. Lóru ọjọ́ kan tí bàbá lọ jẹun, òwú há. Ọmọ náà ṣí irin, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa nìyí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìwádìí, ẹgbẹ́ yan ènìyàn márùn-ún. Àwa mẹ́ta tí a ń sọ̀rọ̀ yìí wà nínú wọn. A wọ agbádá, a gbé obì àti ọtí, a lọ bá máníjà ní ilé rẹ̀ lálẹ́. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó pa fáìlì dé. A ní ó kù díẹ̀ kí bàbá fẹ̀yìn tì, a ní ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó. Kò sí irọ́ nínú ohun tí a sọ. Ṣùgbọ́n a kò dárúkọ ọmọ tí ẹ̀rọ gé ní ìka, kò sí ẹni tí ó rántí rẹ̀ nínú wa. Máníjà gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìfarabalẹ̀ ọmọ náà ni ó fà á. A padà sílé, a dúpẹ́, a ní àgbà kò ní tán nílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá ọmọ náà wá sí ibi ìpàdé wa. Kò pariwo. Ó bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà, ó kí wa ní èdè Haúsá, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ṣé ọ̀dọ́ yẹn kò rí ohun tí àgbà yẹn ń ṣe ni, àbí ó rí i, ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́ kí ó sọ? Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Akọ̀wé kò kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ọkùnrin náà wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Ìbéèrè rẹ̀ kò tíì kúrò ní etí wa títí di òní.

Àwọn kan lè sọ pé àṣà wa ni ó fa èyí, pé kí a kúkú pa ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ tì. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdajì àṣà ni a mú, a sì fi ìdajì sílẹ̀. Ẹnu àwọn àgbà náà ni a ti gbọ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ wo Ọ̀yọ́ àtijọ́. Aláàfin ni aláṣẹ, ìkejì òrìṣà, síbẹ̀ Ọ̀yọ́ Mèsì méje wà, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. Bí ọba bá ṣe àṣejù, wọ́n lè kọ̀ ọ́. Nígbà tí Baṣọ̀run Gáà náà wá sọ agbára ìkónilẹ́kun yẹn di ti ara rẹ̀, tí ó ń fi ọba jẹ, tí ó sì ń yọ wọ́n bí ó ti wù ú, òpin dé bá a ní 1774, nígbà tí Aláàfin Abíọ́dún pẹ̀lú Ọyabí tí í ṣe Kakaǹfò gbìmọ̀ ṣẹ́gun rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń sọ pé bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o ṣòótọ́. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé kò yẹ kí agbára wà lọ́wọ́ ẹnì kan láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè. Wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún ọba, wọ́n sì ń sọ òótọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí àárín Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Enugu nígbà ayé òyìnbó. Ní November 1949, àwọn tí ń wa èédú ní Iva Valley ń bá àwọn aláṣẹ jà lórí owó iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ń fa iṣẹ́ nílẹ̀. Ìjọba bẹ̀rù, ó rán ọlọ́pàá lọ kó àwọn ohun abúgbàù kúrò nínú ihò èédú. Àwọn òṣìṣẹ́ péjọ, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó. Ọ̀gá ọlọ́pàá tí kò gbọ́ èdè wọn, tí kò mọ àṣà wọn, rò pé ogun ni, ó ní kí wọ́n yìnbọn. Ènìyàn 21 ni ó kú ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù náà. Ìgbìmọ̀ tí ó ṣe ìwádìí sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀gá ọlọ́pàá náà ṣi ọ̀rọ̀ dá, àti pé ìjọba fi ojú ìṣèlú wo ohun tí ó jẹ́ ìjà iṣẹ́. Bí agbára kò bá fetí sílẹ̀, tí kò sì mọ àṣà àwọn tí ó ń ṣàkóso, ibi tí í máa já sí nìyẹn.

Ẹ sì wo ọ̀nà kejì. Ní June 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní oṣù kan, nítorí ogun Hitler ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó iṣẹ́ kò sì kúrò lójú kan. Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, kì í ṣe ọmọ Yorùbá, síbẹ̀ àwọn bàbá wa tẹ̀lé e, wọn kò béèrè ìlú rẹ̀. Ní 1978, nígbà tí wọ́n kó àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ di Nigeria Labour Congress, Hassan Sunmonu tí wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ kò tíì pé ogójì ọdún. Ọmọ Yorùbá ni, àwọn òṣìṣẹ́ láti ibi gbogbo sì tẹ̀lé òun náà. Ní 1981, lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ tí ó ṣíwájú rẹ̀, owó oṣù tí ó kéré jù lọ di náírà 125. Ọ̀dọ́ bá àgbà ìjọba sọ̀rọ̀, ọ̀run kò wó.

Ní báyìí, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ̀yin ni a fẹ́ kọ́kọ́ bá wí, nítorí orí ni ẹja ti ń rà. Agbára tí ó wà lọ́wọ́ yín, àyálò ni. Ọjọ́ tí ẹ bá gba ìwé ìfẹ̀yìntì, àga ni ẹ óò fi í sí. Mẹ́sẹ́ńjà tí ìjọba gbà láti máa gbé ìwé kò sí lára àwọn tí ń fọ mọ́tò yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ìṣirò yín kò gún, kò bú yín. Bí ẹ bá fi kúẹ́rì dá a lóhùn, lọ́jọ́ mìíràn yóò rí ihò níwájú yín, yóò sì dákẹ́.

Bí obìnrin bá jẹ́ ọ̀gá, àwọn kan nínú wa a máa pè é ní "ìyàwó wa" lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Nínú ilé, ìfẹ́ ni ó wà nínú orúkọ yẹn. Ní ọ́fíìsì, ó ń dín àṣẹ rẹ̀ kù. Àwọn bàbá wa tí ó fi Ìyálóde jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ẹ pè é ní ọ̀gá níbi iṣẹ́. Bí ẹ bá délé, kí ẹ wá pè é ní ìyàwó.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ èdè. Èdè wa dùn, ẹ má jẹ́ kí ó kú lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn mẹ́rin bá jókòó ti iṣẹ́ kan, tí ẹni kẹrin kò gbọ́ Yorùbá, tí àwa mẹ́ta wá ń fi Yorùbá pinnu, kí ni ẹni kẹrin yóò rò? Yóò rò pé òun ni à ń sọ. Àwa tí a wà ní ìlú onílùú ni ó yẹ kí a mọ bí ìyẹn ti ń dunni tó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kò rán yín níṣẹ́ àfojúdi. Ọ̀nà wà tí a fi ń sọ òótọ́ fún àgbà. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ ní, "Bàbá, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni ó ní kí n sọ ọ́." Bí kò bá gbọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kúẹ́rì tí alábòójútó kan kọ̀ láti fi lé àgbà lọ́wọ́ ìbá ti gba ìka mẹ́ta là.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa sì mọ òfin. Factories Act sọ pé kí agbanisíṣẹ́ bo ibi tí ó léwu lára ẹ̀rọ. Irin tí bàbá ń ṣí kúrò yẹn, òfin ni ó fi í síbẹ̀. Láti 2010, Employees' Compensation Act ti wà fún ẹni tí ó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Kí ẹni náà tàbí ará ilé rẹ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Kí agbanisíṣẹ́ sì fi tó àjọ NSITF létí láàárín ọjọ́ méje. Bí ẹnikẹ́ni bá mú yín fọwọ́ sí ìwé pé ẹ kò ní gba owó náà mọ́, òfin kò ka ìwé bẹ́ẹ̀ sí. Òfin yìí kò béèrè bóyá Yorùbá ni ẹ, bóyá ìbátan máníjà ni ẹ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ ẹgbẹ́ fún lónìí. Èkíní, láti òní lọ, kí ẹgbẹ́ má ṣe rán ẹnikẹ́ni lọ bẹ ọ̀gá pé kí ó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí ènìyàn bá ti farapa, tàbí tí owó bá ti sọnù. Bí wọ́n bá ti sọ òótọ́ tán, a lè lọ bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èkejì, kí a má ṣe pe ọ̀dọ́ kankan lẹ́jọ́ ní ìpàdé yìí nítorí iṣẹ́ tí ó ṣe bí ó ti tọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ orí ni yóò máa ṣíwájú nínú gbọ̀ngàn yìí, ipò ni yóò máa ṣíwájú níbi iṣẹ́. Ẹ̀kẹta, kí a fi yàrá kan sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn tí a fẹ́ kọ́ yìí, kí àwọn tí ó mọ ìwé nínú wa máa jókòó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti bá òṣìṣẹ́ tí ó bá farapa tàbí tí wọ́n rẹ́ jẹ kọ ìwé, ì báà ṣe Yorùbá, Haúsá, Ígbò, Gbagyi tàbí ẹ̀yà mìíràn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Kí a tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, àwa mẹ́ta wá ọmọ náà lọ. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ó gbà wá sí ilé, ọwọ́ òsì ni ó fi gbé omi fún wa. A dọ̀bálẹ̀ fún un, àwa tí a tó bàbá bí i. Ó ní kí a dìde, ó ní òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè bóyá a lè kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kan, nítorí pé títí di òní, ohun tí ó wà nínú ìwé ni pé òun ni òun ṣe ara òun.

Ìdí nìyí tí a fi ní kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìrántí, kí ó má ba à parí sí ẹnu. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ohun tí a fi kọ́ ọ ni ó ṣe. Ọmọ wa rí i, ó dákẹ́; àwa náà mọ̀, a sì lọ fi agbádá bò ó mọ́lẹ̀.

 Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ná owó fún gbọ̀ngàn yìí, kí ó lè jẹ́ ilé tí ẹni tí a ṣẹ̀ lè wọ̀ kí ó sì rí ìdáhùn gbà. Ọlọ́run yóò bùsí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kò ní jẹ́ kí a fi iṣẹ́ ṣe ara wa léṣe. Ẹgbẹ́ wa yóò gbilẹ̀, ìlú Kàdúná yóò tòrò fún tonílé tàlejò. Àṣẹ.